Ọ̀pá Bààlúù Lórí Pákó Géèmù: Ibi Tí Joystick Ti Wá

(Akọ̀wé ló tẹ ọ̀rọ̀ yìí jáde láti inú ohùn mẹ́rin tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, nítorí àwọn tí dátà wọn kò gbé ohùn gígùn.)

OHÙN KÌÍNÍ

   

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ohun tó gbé ọ̀rọ̀ yìí wá, kí ẹnikẹ́ni má lọ rò pé eré ọmọdé ni mo fẹ́ fi gba àkókò yín. Àbúrò wa tó ń ta ọjà kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ní Jos gbé fọ́tò kan síbí lọ́jọ́ Ajé. Páálí ńlá kan ni, joystick kún inú rẹ̀ dẹ́nu, irú èyí tó dà bí ọ̀pá tí páílọ́ọ̀tì ń dì mú. Ẹni tó kó o wọlé ní òun ò tà á lẹ́yọ lẹ́yọ, gbogbo páálí ni kó gbé. Àbúrò wa wá ní owó èsúsú tó kàn òun lóṣù yìí lòun fẹ́ fi rà á, pé oníbàárà kan ń kan àpótí géèmù fún ilé géèmù rẹ̀, òun ló máa gba gbogbo ẹ̀. Ó ní kí a gba òun nímọ̀ràn. Ẹ rántí ohun tí ẹ kọ? Ẹnì kan ní ọjà ni gbogbo ọjà. Ẹlòmíràn ní ọ̀pá géèmù ni ọ̀pá géèmù ń jẹ́.

Èyí ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn ló mú mi gbé fóònù, torí ẹnu tèmi náà ti sọ ọ́ rí, ó sì ná mi lówó.

Ọmọkùnrin kan ló wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Sábó, ní Kano níbí. Ọmọ tó mọwọ́ ni. Ó ti fi plywood kan àpótí géèmù fúnra ẹ̀, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ tó ga bí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, tí èèyàn máa ń dúró níwájú ẹ̀, tí gíláàsì wà lókè, tí ọ̀pá àti bọ́tìnnì wà lórí pákó nísàlẹ̀ gíláàsì. Ọ̀pá ló kù ú kù. Mo gbé joystick bààlúù méjì jáde fún un. Ó bi mí pé, "Bàbá, ṣé èyí máa bá bọ́ọ̀dù mi ṣe?" Mo ní, "Ọmọ mi, ìkan náà ni gbogbo wọn." Ó sanwó, ó lọ. Ó lu ihò sí pákó, ó gé wáyà joystick, ó fi sọ́dà jó o mọ́ bọ́ọ̀dù ẹ̀. Nígbà tó tan iná, bọ́tìnnì ìyìnbọn ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pá fúnra ẹ̀, tì í síwájú, fà á sẹ́yìn, òkú ni.

Ó padà wá lọ́jọ́ kejì. Kò bú mi o, ọmọ tí wọ́n kọ́ ni. Ó kàn gbé e lé orí káńtà, ó ní, "Bàbá, ẹ ní ìkan náà ni." Mo dá owó ẹ̀ padà, mo fi owó pákó lé e. Joystick tí wọ́n ti gé wáyà ẹ̀, ta ló máa rà á? Ṣùgbọ́n owó kọ́ ló dùn mí jù. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó máa ń wá ra mouse àti kíbọ́ọ̀dù lọ́wọ́ mi, n ò rí wọn mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Alátùn-únṣe rédíò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló tú joystick náà wò, tó fi ohun tó wà nínú ẹ̀ hàn mí. Látìgbà náà ni mo ti ń wádìí ibi tí nǹkan yìí ti wá. Ohun tí mo rí nìyí.

OHÙN KEJÌ

Ẹ má bínú, oníbàárà ló wọlé.

Inú bààlúù ni wọ́n bí ọ̀pá yìí sí. Nígbà tí àwọn ọmọ Wright méjì, Wilbur àti Orville, kọ́kọ́ fò ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 17 oṣù December 1903, kò sí irú ọ̀pá yìí nínú ọkọ̀ wọn. Ńṣe ni awakọ̀ dojú bolẹ̀ lórí ìyẹ́ ọkọ̀. Ìbàdí ẹ̀ ló fi ń yí ìyẹ́, ó ń sún ìdí sọ́tùn-ún sósì, ó wá fi ọwọ́ di irin kan mú fún òkè àti ìsàlẹ̀. Ẹ wo ìyà! Àwọn ará Faransé ló kó gbogbo ẹ̀ sínú ọ̀pá kan ṣoṣo. Ọ̀gbẹ́ni Robert Esnault-Pelterie lo irú ẹ̀ nínú bààlúù tó ṣe ní 1907. Louis Blériot náà lò ó, òun ló sì fi fò kọjá omi láti Faransé dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 25 oṣù July 1909. Ìsàlẹ̀ ọ̀pá ti Blériot rí bí agogo, etí agogo yẹn ni wọ́n so àwọn wáyà tó ń fa ìyẹ́ mọ́. Agogo náà ni àwọn Faransé sì ń pè é ní èdè wọn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú níbẹ̀ ni pé ọ̀pá bààlúù ń wọn nǹkan. Bí o bá tì í díẹ̀, ìyẹ́ yí díẹ̀. Bí o bá tì í dé ìdajì, ìyẹ́ yí dé ìdajì. Bí òṣùwọ̀n ẹran ló rí, abẹ́rẹ́ ń lọ bí ẹran bá ṣe wúwo tó. Kò dà bí súíìṣì iná tí kò mọ̀ ju tàn àti kú lọ. Páílọ́ọ̀tì tó bá ní súíìṣì lọ́wọ́ dípò ọ̀pá, á pa gbogbo èrò ọkọ̀ kó tó kúrò lórí pápá.

Nígbà ogun àgbáyé kejì ni wọ́n ti fi irú ọ̀pá yìí darí ohun tí ẹni tó dì í mú kò sí nínú ẹ̀. Àwọn ará Jámánì ní bọ́ǹbù kan tí wọ́n ń pè ní Fritz X. Bọ́ǹbù ti jábọ́ kúrò lára bààlúù, ẹni tó wà lókè ń fi ọ̀pá kékeré kan tọ́ ọ sọ́nà, rédíò ló ń gbé àṣẹ lọ. Ní ọjọ́ 9 oṣù September 1943, wọ́n fi rì ọkọ̀ ogun Ítálì tó ń jẹ́ Roma. Èèyàn tó kú sínú omi lé ní 1,000. Ọ̀pá tí a ń pè ní ohun eré yìí, kì í ṣe ibi eré ló ti bẹ̀rẹ̀.

OHÙN KẸTA

Ó dáa, géèmù wá dé. Ẹ fara balẹ̀ fún mi níbí, torí ibí ni ọ̀nà ti pín sí méjì, ibí náà ni èmi àti ọmọ yẹn ti ṣìnà.

Ní Amẹ́ríkà àti Japan, láti bíi 1972, wọ́n ń gbé àpótí géèmù sí ilé ọtí, sí ibi ìgbafẹ́, sí iwájú ṣọ́ọ̀bù. O ju owó ẹyọ sínú ẹ̀, o ta géèmù. Pong tí Atari ṣe lọ́dún náà, kọ́kọ́rọ́ bíi ti rédíò ni wọ́n ń yí. Nígbà tí ọ̀pá wá dé, kì í ṣe ọ̀pá tó ń wọn nǹkan ni wọ́n fi sí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Súíìṣì mẹ́rin ni: òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òsì. Bí o bá tì í, ó tẹ súíìṣì kan. Pac-Man tó jáde ní Japan ní 1980, súíìṣì mẹ́rin yẹn náà ni. Ọ̀pá Atari 2600 tí wọ́n tà fún ilé ní 1977, bí ẹ bá tú u, ibi ìtẹ̀ márùn-ún péré lẹ máa rí, mẹ́rin fún ọ̀nà, ọ̀kan fún ìyìnbọn.

Kí ló fà á? Àwa oníṣòwò ló yẹ kó tètè yé. Ẹni tó ni àpótí kì í dúró tì í. Ó gbé e síbẹ̀, ó ń padà wá kó owó ẹyọ. Àwọn ọmọ ń lu ọ̀pá náà látàárọ̀ dalẹ́, wọ́n ń fi gbogbo ara fà á. Súíìṣì kò wọ́n, kò ní kí ẹnikẹ́ni wá tún òun ṣe ètò, tó bá sì bàjẹ́, o yọ ọ́, o fi òmíràn sí i. Ohun tó ń wọn nǹkan ẹlẹgẹ́ ni. Ẹ wo òṣùwọ̀n yín bí ọmọdé bá gun orí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣùgbọ́n ojú àwọn èèyàn ń fẹ́ bààlúù. Ní 1982, Zaxxon ti Sega àti Tron ti Bally Midway jáde pẹ̀lú ọ̀pá tó rí bí ti páílọ́ọ̀tì. Ti Tron yẹn lẹ́wà, aláwọ̀ búlúù ni, ó ní ibi ìyìnbọn níwájú. Ẹ tú u wò, súíìṣì ló wà níkùn ẹ̀! Aṣọ páílọ́ọ̀tì ló wọ̀, kò mọ bààlúù wà. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ojú ra ọjà, ẹ gbọ́ o.

Àwọn mìíràn fi òdodo sí i. Ìtàn ti Star Wars dùn mọ́ mi. Atari ti ṣe géèmù ọkọ̀ ogun kan ní 1980, Battlezone ni wọ́n ń pè é. Àwọn èèyàn ilé iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà rí i, wọ́n ní kí Atari fi ṣe ohun tí wọ́n á fi máa kọ́ sójà tó ń wa ọkọ̀ ogun Bradley. Ed Rotberg, ẹni tó ṣe géèmù náà, kò fẹ́. Kò fẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ òun di ohun ogun. Wọ́n ṣáà mú un ṣe é, ó ní kí wọ́n má tún fi irú ẹ̀ lọ òun mọ́. Nínú iṣẹ́ ológun yẹn ni wọ́n ti ṣe ohun ìdìmú kan, ó ní ibi ọwọ́ méjì, ó sì ń wọn bí o ṣe yí i tó. Ohun ìdìmú yẹn ni Atari gbé wá sórí pákó Star Wars ní 1983. Ní 1987 Sega ṣe After Burner, Yu Suzuki ló darí iṣẹ́ ẹ̀. Ìkan nínú àpótí ẹ̀ ní àga tó ń yí pẹ̀lú ẹni tó jókòó lé e, ọ̀pá ẹ̀ sì ń wọn nǹkan gidi.

Ẹ padà sílé wàyí. Nígbà tí IBM gbé kọ̀ǹpútà PC jáde ní 1981, wọ́n ń ta káàdì kan tí èèyàn lè fi kún un, ojú ẹ̀ ní ihò 15. Ibẹ̀ ni joystick ń wọ̀. Kí ló wà nínú joystick náà? Fọ́lúùmù rédíò! Ohun tí alátùn-únṣe fi hàn mí nìyẹn, méjì, ọ̀kan fún ọ̀tún-òsì, ọ̀kan fún iwájú-ẹ̀yìn. Bí ọ̀pá ṣe ń yí ni fọ́lúùmù ń yí. Kọ̀ǹpútà á wá jẹ́ kí iná díẹ̀ gba inú fọ́lúùmù kọjá lọ kún ibì kan, á máa ka iye àkókò tó gbà kó tó kún. Bí ìgbà tí ẹ gbé jẹ́ríkàànù sábẹ́ ẹ̀rọ omi ni: tí ẹ bá ṣí ẹ̀rọ dáadáa, kíá ló kún, tí ẹ bá ṣí i díẹ̀, ẹ máa dúró. Iye ìdúró yẹn ló fi mọ ibi tí ọ̀pá wà. Microsoft Flight Simulator jáde ní 1982, Bruce Artwick ló ṣe é, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí ra ọ̀pá bààlúù sórí tábìlì ilé wọn. CH Products, Thrustmaster, Microsoft, Logitech, gbogbo wọn tà á. Nígbà tó yá, USB rọ́pò ihò 15.

Nítorí náà, bọ́ọ̀dù ọmọ yẹn ń retí súíìṣì: wáyà kan wáyà, tàbí kò kàn án. Èmi ta fọ́lúùmù fún un. Bọ́tìnnì ìyìnbọn nìkan ni súíìṣì nínú gbogbo ẹ̀, ìdí nìyẹn tí òun nìkan fi dáhùn.

Ó ku ibi tó dùn jù. Ní ọdún 1997, ará Ítálì kan tó ń jẹ́ Nicola Salmoria gbé MAME jáde. Ètò orí kọ̀ǹpútà ni, ó máa ń ṣe bíi ti àwọn ẹ̀rọ inú àpótí géèmù àtijọ́, kí àwọn géèmù náà má bàa parun. Ọ̀pọ̀ ilé géèmù ní Amẹ́ríkà ti kógbá wọlé nígbà náà, àwọn àpótí ń lọ sórí ààtàn. Ni àwọn èèyàn bá mú plywood àti kọ̀ǹpútà àgbà, wọ́n ń kan àpótí fúnra wọn sínú gáráàjì. Súíìṣì mẹ́rin tó fún Pac-Man. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dé orí Star Wars tàbí After Burner, wọ́n há. Ohun ìdìmú gidi ti àwọn àpótí yẹn kò pọ̀ mọ́, owó ẹ̀ sì ga. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n mú joystick bààlúù orí tábìlì, ìyẹn gan-an tó wà nínú páálí àbúrò wa, wọ́n gbé e sórí pákó.

Kò rọrùn bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí o. Wọ́n ṣe joystick fún ẹni tó jókòó, tó ń fi ìka dì í mú. Ẹni tó dúró níwájú àpótí, èjìká ló fi ń fà á. Bí ìdí ẹ̀ kò bá le lórí pákó, ó máa ṣí. Bí ìdí bá sì le, ọrùn ike lè kán. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà. Àwọn kan kì í tú u, wọ́n á gé pákó, wọ́n á ti joystick bọ̀ ọ́ láti ìsàlẹ̀, kí wọ́n tó fi bóòtù dè é. Àwọn mìíràn á tú u pátápátá, wọ́n á yọ egungun inú ẹ̀, ibi tí sípíríǹgì àti fọ́lúùmù wà, wọ́n á de èyí mọ́ irin pẹlẹbẹ lábẹ́ pákó, ọ̀pá nìkan ló máa yọ jáde. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ló ń pẹ́ jù, tí wọ́n bá mọ̀ ọ́n ṣe. Plywood nípọn tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì, nítorí náà ihò tí wọ́n lu gbọ́dọ̀ fẹ̀. Tí kò bá fẹ̀, ọ̀pá á gbá igi kó tó yí tán, bààlúù inú géèmù kò ní lè yí tán láé, ẹni tó ń ta á á sì máa bú kọ̀ǹpútà. Wáyà tó gba inú ọwọ́ ọ̀pá wá síbi bọ́tìnnì, wọ́n gbọ́dọ̀ fún un ní ìdẹ̀ra, torí tó bá le, fífà ojoojúmọ́ á já a.

Wáyà USB wá ńkọ́? Wọn kì í gé e! Bọ́ọ̀dù kékeré tó bá joystick wá, wọ́n á gbé e sábẹ́ pákó pẹ̀lú ẹ̀, òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń ka fọ́lúùmù. Ọmọ tèmi gé tiẹ̀, torí mo ti sọ fún un pé ìkan náà ni.

Àwọn tó gbọ́n nínú wọn kò fi ọ̀pá bààlúù síbẹ̀ títí láé. Tó bá dúró sáàárín pákó, ó máa ń dí ọwọ́ ẹni tó fẹ́ ta géèmù ìjà. Wọ́n á ṣe pákó méjì tó ń ṣí kúrò, ọ̀kan fún súíìṣì, ọ̀kan fún bààlúù, wọ́n á máa pààrọ̀ wọn.

OHÙN KẸRIN

Mo ti ń pẹ́ jù. Àbúrò mi ní Jos, ìwọ ni mò ń bá wí báyìí.

Bi oníbàárà rẹ léèrè irú géèmù tó fẹ́ kó sínú àpótí ẹ̀. Bó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù àti ìjà ni, bí àwọn ọmọ ilé géèmù ṣe fẹ́ràn ẹ̀, kò nílò ẹyọ kan nínú páálí yẹn, kódà bó bá tiẹ̀ sọ fún ọ pé òun nílò ẹ̀. Ó máa rà á, ó máa dá a padà, ìwọ àti òun á sì di ọ̀tá bíi tèmi. Bó bá jẹ́ géèmù bààlúù ni, bi í bóyá ó mọ̀ pé kò ní gé wáyà.

Lẹ́yìn náà, wo ẹnu wáyà wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ní ihò 9, ti ayé Atari àti àwọn ìran ẹ̀ ni. Èyí tó ní irin 15, kọ̀ǹpútà ìsinsìnyí kò ní ojú tó máa wọ̀. Windows gan-an ti pa á tì láti ìgbà Vista, àfi kí èèyàn wá ohun tó máa sọ ọ́ di USB. Ti USB nìkan ni kí o kà sí owó. Fi í sára láàpútọ́ọ̀pù, tẹ joy.cpl níbi tí wọ́n ti ń wá nǹkan nínú Windows, ojú kan máa ṣí, wàá rí àmì kékeré kan tó ń rìn bí o ṣe ń ti ọ̀pá. Fi ọ̀pá sílẹ̀. Bí àmì kò bá padà sáàárín, tàbí tó ń gbọ̀n, fọ́lúùmù ti jẹ.

Ní tèmi o, owó èsúsú kò yẹ kó wọ inú páálí tí èèyàn kò tíì tú wò. Sọ fún ẹni náà pé mẹ́fà lo fẹ́ kọ́kọ́ mú. Bó bá kọ̀, jẹ́ kó gbé e lọ.

Mò ń bọ̀ ní Jos lọ́jọ́ Àbámẹ́ta fún ìkómọ kan. Màá mú láàpútọ́ọ̀pù mi dání, a jọ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Má sanwó kankan kí n tó dé. Ẹ jọ̀ọ́, iná ti lọ níbí, fóònù mi ò ju 4% lọ mọ́. Ó dàárọ̀ o.